Bí a ṣe ń tún ilé àwọn olùyẹ̀wò kóòdù tò nígbà tí àwọn olùtọ́jú kan bá ti dákẹ́

Ẹnì kan jókòó ti kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ fi ṣú, ó tún kóòdù kan ṣe, ó fi pull request (ìbéèrè pé kí wọ́n da àtúnṣe òun pọ̀ mọ́ kóòdù) ránṣẹ́ sí iṣẹ́ open source kan, ìyẹn iṣẹ́ tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Bọ́ọ̀tì, ìyẹn ètò tó ń dá ṣiṣẹ́, wo fáìlì, ó yọ orúkọ ènìyàn méjì jáde, ó ní àwọn ni kó yẹ iṣẹ́ náà wò. Ọ̀kan ti gba iṣẹ́ síbòmíràn láti ọdún tó kọjá. Èkejì kì í ṣí GitHub, ojúlé tí wọ́n kó kóòdù náà sí, mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, oṣù kan kọjá, kò sẹ́ni tó fèsì. Ẹni tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ kò mọ̀ pé kò sẹ́ni nílé. Ohun tó máa rò ni pé iṣẹ́ òun kò dára tó, kò sì ní padà wá.

Àwọn tó ń ṣe kernel Linux (ọkàn ètò Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà) sọ ọ̀rọ̀ yìí láìfepo-bọyọ̀ nínú ìwé ìlànà wọn: yíyọ orúkọ olùtọ́jú tí kò sí nídìí iṣẹ́ mọ́ kì í ṣe ìyà, torí pé fífi í síbẹ̀ ń ná gbogbo ènìyàn ní nǹkan. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní láti máa rántí fi orúkọ rẹ̀ sí i, olórí ẹ̀ka á sì máa rò ó bóyá kí òun dúró dè é tàbí kí òun máa lọ.

Ohun tó ń mú kí ọ̀rọ̀ yìí nira ni pé a máa ń di nǹkan mẹ́ta pọ̀ sínú orúkọ kan ṣoṣo: oyè, ojúṣe àti kọ́kọ́rọ́. Oyè ni ìyìn tó tọ́ sí ẹni tó ti ṣiṣẹ́. Ojúṣe ni pé kí ó máa dáhùn. Kọ́kọ́rọ́ ni agbára láti da kóòdù pọ̀ tàbí láti gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Tí ẹ bá lè ya àwọn mẹ́ta yìí sọ́tọ̀, ìjà tó máa wà níbẹ̀ á dín kù púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ohun tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe

Ẹ kó gbogbo ibi tí orúkọ ènìyàn wà jọ ná. Lórí GitHub, fáìlì CODEOWNERS ni ẹ ó kọ́kọ́ wá. Ó lè wà nínú fódà `.github`, ó lè wà ní ìpìlẹ̀ repo (àpò tí gbogbo kóòdù iṣẹ́ náà wà) láìsí nínú fódà kankan, ó sì lè wà nínú `docs`. Ìlà tó bá fáìlì kan mu *gbẹ̀yìn* ni GitHub máa ń tẹ̀lé. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá fi ìlà `*` sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ti sọ gbogbo ìlà òkè di asán. Ẹ tún wò ó bóyá gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ṣì ní àṣẹ láti kọ nǹkan sínú repo, torí GitHub kì í ránṣẹ́ àyẹ̀wò sí ẹni tí kò ní àṣẹ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni fáìlì ṣe ń parọ́ láìpariwo: orúkọ wà níbẹ̀, ìránṣẹ́ kò lọ síbì kankan.

Kubernetes, iṣẹ́ open source ńlá kan tó ń darí ètò lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ní tirẹ̀ a máa lo fáìlì OWNERS nínú fódà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wà lábẹ́ `reviewers` ló ń yẹ kóòdù wò, tí wọ́n sì ń kọ `/lgtm` ("looks good to me", ó dára lójú mi). Àwọn tó wà lábẹ́ `approvers` ló ń kọ `/approve`, olùfọwọ́sí fódà òkè sì lè fọwọ́ sí iṣẹ́ tó wà nínú fódà ìsàlẹ̀. Ìpínyà yìí ṣe pàtàkì. Ẹni tó ń yẹ kóòdù wò ń sọ pé kóòdù náà péye. Ẹni tó ń fọwọ́ sí i ń sọ pé ó yẹ kí iṣẹ́ yìí gbà á wọlé. Ènìyàn lè ráyè fún ọ̀kan kó má ráyè fún èkejì.

Ní ti Linux, fáìlì kan tó ń jẹ́ MAINTAINERS ló gbé gbogbo rẹ̀ dání. `M:` ni olùtọ́jú, `R:` ni olùyẹ̀wò, `S:` sì ni ipò tí ẹ̀ka náà wà. Mo fẹ́ràn `S:` yìí gan-an, torí òótọ́ ló ń sọ. Ó lè jẹ́ Supported, ìyẹn ni pé ẹnì kan ń gbowó láti tọ́jú rẹ̀. Ó lè jẹ́ Maintained. Ó lè jẹ́ Odd Fixes, ìyẹn ni pé ẹnì kan wà ṣùgbọ́n kò ráyè ju àtúnṣe kéékèèké lọ. Ó sì lè jẹ́ Orphan, ìyẹn ẹ̀ka tí kò lólùtọ́jú. Iṣẹ́ kékeré tí kò ní ju fódà mẹ́rin lọ náà lè kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ sínú README rẹ̀, fáìlì tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá rí "Odd Fixes" kò ní máa retí èsì lọ́jọ́ kejì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ òfin náà kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀

Ìgbà tí ẹnì kankan ò tíì ṣẹ̀ ni kí ẹ ti kọ òfin. Tí ẹ bá dúró dìgbà tí Lágbájá bá dákẹ́, òfin yẹn á dà bí ẹni pé torí Lágbájá lẹ ṣe ṣe é, kò sì ní sí ẹni tó máa gbà pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Kubernetes, ọmọ ẹgbẹ́ tí kò bá ṣe nǹkan kan nínú gbogbo repo wọn fún oṣù 12 ni wọ́n kà sí ẹni tí kò sí nídìí iṣẹ́ mọ́, ohun èlò DevStats ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ó dára fún ẹgbẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n tèmi ni pé ọdún kan ti pọ̀ jù fún olùyẹ̀wò tí bọ́ọ̀tì ń gbé iṣẹ́ fún lójoojúmọ́. Ẹ lè pín in báyìí:

> Olùyẹ̀wò tí kò bá dáhùn ìbéèrè àyẹ̀wò kankan fún oṣù 3, a ó yọ ọ́ kúrò lára àwọn tí bọ́ọ̀tì ń yàn. Olùfọwọ́sí tí a kò bá rí iṣẹ́ rẹ̀ fún oṣù 12 yóò bọ́ sí ipò emeritus (ipò ìyìn fún ẹni tó ti fi ojúṣe sílẹ̀) lẹ́yìn ìwé méjì àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá sọ tẹ́lẹ̀ pé òun fẹ́ sinmi, a kò ní ka àkókò ìsinmi rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá padà dé tó sì tún ń yẹ iṣẹ́ wò, a ó dá a padà sí ipò rẹ̀ láìjẹ́ pé ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ẹ fi òfin náà ṣe pull request bíi ti kóòdù, ẹ sì jẹ́ kó wà níta fún ó kéré tán wákàtí 72. Àkókò yẹn náà ni Apache, àjọ tó ń bójú tó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ open source, máa ń fún ìbò wọn, kí ẹni tó wà ní Tokyo àti ẹni tó wà ní Ìbàdàn lè rí i kí wọ́n tó pa á dé. Ẹ má gbàgbé olùdásílẹ̀. Mo ti rí iṣẹ́ tó ní òfin tó dára, àmọ́ olùdásílẹ̀ nìkan ni òfin náà kò mú, òun náà gan-an sì ni gbogbo ènìyàn ń dúró dè.

Gbólóhùn ìsinmi yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹni tó ń lọ sí àgọ́ NYSC, ẹni tó ń tọ́jú ọmọ tuntun, ẹni tó ń kó lọ sí Kánádà, ẹni tí iná kò tíì wá sí àdúgbò rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá: gbogbo wọn ló máa padà. Ohun tí ẹ nílò lọ́wọ́ wọn kò ju ìlà kan lọ, "Ẹ má yàn mí títí di ọjọ́ báyìí." Lórí GitHub, ẹni tó bá fi àmì Busy sórí orúkọ rẹ̀, ètò tó ń pín àyẹ̀wò fún ẹgbẹ́ á fò ó.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka iṣẹ́, ẹ má fojú díwọ̀n

Àṣẹ tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sáré tẹ̀ nìyí:

```
git shortlog -sn --no-merges --since="12 months ago"
```

Iye commit (àtúnṣe tí a fi pamọ́ sínú git, ohun èlò tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù) tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ ló ń fi hàn. Fún ohun tí à ń wá, àṣìwọ̀n ni. Olùyẹ̀wò tó dára jù lọ nínú iṣẹ́ yín lè má kọ ìlà kóòdù kan láàárín ọdún, kó sì jẹ́ pé òun ló ka ti gbogbo ènìyàn. Tí iṣẹ́ yín bá ń kọ `Reviewed-by:` sínú commit bíi ti kernel, ẹ lo èyí:

```
git log --since="12 months ago" \
  --format="%(trailers:key=Reviewed-by,valueonly)" \
  | grep . | sort | uniq -c | sort -rn
```

Fún GitHub, ohun èlò `gh` á bá yín ṣe é:

```
gh pr list --state all --limit 200 \
  --search "reviewed-by:ORUKO updated:>=2025-01-01"

gh pr list --limit 200 --search "review-requested:ORUKO"
```

Ti àkọ́kọ́ ń fi pull request tí ẹni náà ti yẹ̀ wò hàn. Ẹ ṣọ́ra: ọjọ́ tí pull request náà yí padà gbẹ̀yìn ni `updated` ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹni náà yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà ẹ ṣí díẹ̀ nínú wọn wò. Ti èkejì ló ń tú àṣírí. Ó ń fi èyí tó ṣì wà níta, tí ẹni náà kò tíì dáhùn, hàn. Gbàrà tó bá ti yẹ ọ̀kan wò, ìyẹn á kúrò lórí àkọsílẹ̀ yẹn. Ẹni tí 40 bá ń dúró dè, tí èyí tó pẹ́ jù sì ti lo oṣù mẹ́jọ, kò nílò ẹlẹ́rìí mìíràn.

Kí ẹ tó gbà pé ẹnì kan ti dákẹ́, ẹ wo `.mailmap`, fáìlì tó ń so àwọn íméèlì ẹnì kan pọ̀, torí ènìyàn kan lè máa fi íméèlì méjì ṣiṣẹ́ kí git kà á sí ẹni méjì. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù nípa iṣẹ́ tí kò hàn síta: ẹni tó ń dáhùn ìròyìn àbàwọ́n ààbò ní kọ̀rọ̀, ẹni tó ń to issue (àkọsílẹ̀ ìṣòro àti ìbéèrè), ẹni tó ń darí ìpàdé. Kò sí àṣẹ kankan tó máa fi irú ìyẹn hàn yín.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ kọ ìwé sí i ní kọ̀rọ̀

Ẹ má ṣí issue gbangba tí àkọlé rẹ̀ á jẹ́ "Ẹ jẹ́ ká yọ àwọn wọ̀nyí." Ìwé ìkọ̀kọ̀ ló ṣáájú. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

> Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ti ṣe níbí. À ń tún fáìlì OWNERS tò, a sì rí i pé ó ti lé ní ọdún kan tí a ti rí yín gbẹ̀yìn níbi àyẹ̀wò kóòdù. Kì í ṣe ẹ̀sùn. Ẹ lè máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ lè sinmi títí di ọjọ́ kan tí ẹ máa sọ fún wa. Tàbí kí a gbé orúkọ yín sí abala emeritus. Tí a kò bá gbọ́ èsì títí di ọjọ́ 30 oṣù yìí, emeritus la máa ṣe. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ padà, ẹ kàn sọ fún wa ni.

Iṣẹ́ tí gbólóhùn tó sọ ọjọ́ ń ṣe pọ̀. Tí ẹ kò bá sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá fèsì, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ á tún dá yín dúró lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má sì béèrè pé "Ṣé ẹ ṣì nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ yìí?" Kò sí ẹni tó máa dáhùn pé rárá. Ojú á kàn máa tì í, á ní "mo ń bọ̀, ẹ má bínú", ẹ ó sì padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

"Mo ń bọ̀" yẹn gan-an ló ṣòro jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ó ṣòro ju àìfèsì lọ. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ wá fún un ní ohun kan pàtó: pull request kan ṣoṣo tó wà ní ẹ̀ka tó mọ̀ dáadáa, àti ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá yẹ̀ ẹ́ wò, inú gbogbo ènìyàn á dùn. Tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, ìwé kejì á rọrùn láti kọ, òun fúnra rẹ̀ á sì ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó ṣí i.

Ẹ rántí pé íméèlì tó wà nínú commit àtijọ́ lè jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ti fi sílẹ̀. Ẹ gbìyànjú ọ̀nà míràn tí iṣẹ́ yín ń gbà sọ̀rọ̀. PyPI, ibi tí àwọn tó ń fi Python kọ kóòdù ti ń gba package (àkójọ kóòdù tí a lè gbà lò), nínú PEP 541, ìwé òfin rẹ̀ lórí orúkọ package, sọ pé ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àwọn máa gbìyànjú láti kàn sí ẹni tó ni package kí àwọn tó kà á sí ẹni tí a kò rí. Ti ẹgbẹ́ kékeré kò nílò kó le tó bẹ́ẹ̀. Ìwé méjì tó.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ gbé orúkọ rẹ̀, ẹ má pa á rẹ́

Kubernetes ní abala kan fún èyí nínú OWNERS:

```
approvers:
  - olufowosi-a
  - olufowosi-b
reviewers:
  - oluyewo-d
emeritus_approvers:
  - eni-to-sinmi
```

Bọ́ọ̀tì kì í yan ẹni tó wà lábẹ́ `emeritus_approvers`, kò sì lè fọwọ́ sí nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ṣí fáìlì náà á rí i pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́. Ní kernel, fáìlì CREDITS ni orúkọ ẹni tó kópa pàtàkì máa ń lọ. Nínú commit náà, ẹ kọ ohun tó ṣe. Ẹ má kọ ohun tí kò ṣe. "Dúpẹ́ lọ́wọ́ X tó kọ parser, tó sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún" dára ju "yọ àwọn tí kò ṣiṣẹ́" lọ fíìfíì.

Kí ẹ tó dà á pọ̀, ẹ wò ó bóyá fódà kan wà tí òun nìkan jẹ́ olùfọwọ́sí rẹ̀. Ẹ má fi orúkọ ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa fódà náà dí àyè. Ẹ jẹ́ kí ti fódà òkè máa bójú tó o, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé kò lólùtọ́jú, kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ lè yọjú.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ gba kọ́kọ́rọ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kùnà, torí wọ́n rò pé OWNERS tí àwọn ti tún ṣe ti parí ọ̀rọ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti kúrò nínú fáìlì ṣì lè jẹ́ admin lórí GitHub, ó ṣì lè ní àṣẹ láti gbé package jáde lórí npm (ibi tí package JavaScript wà), ó ṣì lè jẹ́ pé káàdì rẹ̀ ló ń san owó domain. Àkáǹtì tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ ni olè máa ń wá. Ẹni tó ni ín kò ní mọ̀ bí wọ́n bá já ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ gbà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ̀dà tuntun ti ń jáde. Fún npm:

```
npm owner ls ORUKO-PACKAGE
npm owner rm ORUKO ORUKO-PACKAGE
```

Lórí PyPI, abala Collaborators ni ẹ ó ti rí ẹni tó jẹ́ Owner àti ẹni tó jẹ́ Maintainer. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo token (ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣílẹ̀kùn) tó wà nínú CI (ètò tó ń dán kóòdù wò fúnra rẹ̀), kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi ń fọwọ́ sí ẹ̀dà, domain, àti àkáǹtì tí owó ìrànlọ́wọ́ ń wọ̀. Ènìyàn méjì, ó kéré tán, ló gbọ́dọ̀ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ń lọ nìkan ló wà lórí ọ̀kan, ẹ fi ẹlòmíràn sí i *kí* ẹ tó yọ ọ́.

Ta wá ni ẹlòmíràn náà? Ní ọdún 2018, ẹni tó kọ event-stream, package npm tí wọ́n ń gbà ju mílíọ̀nù kan lọ lọ́sẹ̀, kò lò ó mọ́ fúnra rẹ̀. Àlejò kan fi íméèlì béèrè pé kó jẹ́ kí òun máa tọ́jú rẹ̀, ó sì gbé e fún un. Àlejò náà fi flatmap-stream sí i, kóòdù olè tó ń wá owó bitcoin nínú Copay, àpò owó orí ẹ̀rọ. Ti xz, ohun èlò tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkáǹtì kan tó ń jẹ́ Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní ọdún 2021. Ní 2022, àwọn orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé bú olùtọ́jú tó wà níbẹ̀ pé ó ń fi iṣẹ́ falẹ̀, pé kó gbé e fún ẹlòmíràn. Ó rẹ ọkùnrin náà, kò sì gbowó fún iṣẹ́ ọ̀hún. Jia Tan gba àṣẹ. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn (kóòdù ìkọ̀kọ̀ tó ń jẹ́ kí olè wọlé) wọ inú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 ní 2024. Andres Freund ló rí i, torí pé SSH rẹ̀ (ọ̀nà tó ń gbà wọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè) fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá falẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta.

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan olùtọ́jú xz ni ẹ̀sùn tí ìtọ́sọ́nà yìí náà ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí òfin ṣáájú, kí iye ọ̀sẹ̀ hàn, kí ìwé sì wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí gbogbo yín mọ̀. Tí orúkọ tuntun mẹ́ta bá dé lọ́sẹ̀ kan náà tí wọ́n ń kánjú yín láti yọ ẹnì kan, ẹ dẹ̀rìn. Ẹni tó bá sì ń béèrè fún kọ́kọ́rọ́ kó tó yẹ kóòdù ẹlòmíràn wò rí, ẹ fún un ní àyẹ̀wò ṣe ná.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ má jẹ́ kí ẹrù wó lé àwọn tó kù

Lẹ́yìn tí orúkọ mẹ́rin bá kúrò, ẹni méjì tó kù ni bọ́ọ̀tì á máa pè. Lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn náà á ti dákẹ́. Lórí GitHub, ẹ fi ẹgbẹ́ sínú CODEOWNERS dípò orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tan ètò ìpín àyẹ̀wò. Round robin ń yí i kiri láti orí ẹnì kan dé orí ẹlòmíràn. Load balance ń wo iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti gbà láàárín ọjọ́ 30. Èyí kejì ni mo máa yàn.

Ẹ wá tọ́ olùyẹ̀wò tuntun dàgbà. Àtẹ̀gùn Kubernetes dára láti wò: ẹni tó fẹ́ di olùyẹ̀wò ti ní láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ fún oṣù 3, kó ti jẹ́ olùyẹ̀wò àgbà fún pull request 5, kó sì ti yẹ 20 tó nítumọ̀ wò tàbí kí tirẹ̀ ti wọlé. Olùfọwọ́sí nílò 10 dípò 5 àti 30 dípò 20. Ẹ lè dín iye náà kù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀, kí ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ojú mímọ̀ ni wọ́n fi ń wọlé. Ẹ tún kọ iye ọjọ́ tí èsì máa ń gbà. Láàárín kernel pàápàá, ó lè jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ méjì ní ẹ̀ka network, kó sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan níbòmíràn.

Ìgbésẹ̀ 8: Tó bá jẹ́ ẹni tó ni iṣẹ́ nìkan ló dákẹ́ ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní àṣẹ kankan, tí ẹ kàn ń lo iṣẹ́ náà, ọ̀nà yín yàtọ̀. Nínú Debian, ẹ̀yà Linux kan, ẹ lè kéde ITS (Intent to Salvage), ìyẹn pé ẹ fẹ́ gba package tí wọn kò tọ́jú dáadáa là. Ọjọ́ 21 ni olùtọ́jú ní láti fèsì. Bó bá kọ̀, ó parí síbẹ̀. Bí kò bá sọ nǹkan kan, ẹ ó gbé e ránṣẹ́ pẹ̀lú ìdádúró ọjọ́ 7 sí i. Lórí PyPI, PEP 541 máa fẹ́ rí i pé kò sí ẹ̀dà tuntun fún oṣù 12, pé ẹ̀yin fúnra yín ti wá ẹni náà títí, pé ẹ ti ṣe àtúnṣe tó nítumọ̀ nínú fork (ẹ̀dà kóòdù tí ẹ yà sọ́tọ̀) tiyín, àti ìdí tí orúkọ míràn kò fi lè ṣiṣẹ́.

Àwíjàre tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń ṣòro jù. Fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, orúkọ míràn lè ṣiṣẹ́. Ẹ ṣe fork, ẹ fi ìwé àṣẹ àti orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ kọ sí README ibi tí ẹ ti gbé e wá àti commit tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ṣí issue kan péré níbi àtijọ́ tó ń tọ́ka sí ilé tuntun. Tó bá yọjú lọ́jọ́ kan, issue yẹn ló máa kọ́kọ́ kà.